Ìyàtọ̀ Ìtumọ̀ láàárín 'Onshore' àti 'Offshore': Ìṣòro kan fún Atúmọ̀ Èdè

Nígbà tí a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìròyìn kan lórí epo rọ̀bì láti túmọ̀ sí Yorùbá, ọ̀pọ̀ nínú wọn lo 'etí òkun' fún 'onshore' àti 'offshore' bákan náà. Àṣìṣe yìí kì í ṣe kékeré. Ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí gan-an ni ó gbé ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí ìpínlẹ̀ tí a ti wa ohun àlùmọ́ọ́nì gba ìpín tí kò dín ní 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wọlé láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni ìpínlẹ̀ tí ó bá òkun pààlà parí sí? Ní oṣù kẹrin ọdún 2002, ilé-ẹjọ́ náà dáhùn pé ibi tí omi òkun fà sẹ́yìn dé lójú ilẹ̀, tàbí ibi tí omi abẹ́lé ìpínlẹ̀ náà parí sí lójú òkun, ni ààlà. Ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Èkó, Ògùn àti Òǹdó wà lára wọn. Nínú mẹ́ta yìí, Òǹdó ni ó kàn gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé kànga epo wà nínú òkun tí ó kọjú sí ilẹ̀ Ìlàjẹ. Òfin ọdún 2004 ni ó dá epo inú òkun padà sínú ìṣirò, níwọ̀n ìgbà tí jíjìn omi ibẹ̀ kò bá ti ju 200 mítà lọ. Kànga Agbami, tí orúkọ rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ojú òkun gbalasa mu, wà níbi tí omi ti jìn ju 1,000 mítà lọ. Òfin yìí kò kàn án.

Kí ni kí a wá pè wọ́n? Ẹni tí ó jókòó sí etí odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbẹ. Nítorí náà, 'etí òkun' kò lè dúró fún 'offshore' láéláé. 'Orí ilẹ̀' fún 'onshore' náà mẹ́hẹ, nítorí pé kànga tí ó wà nínú ọ̀sà tàbí irà wà nínú omi, síbẹ̀ 'onshore' ni òfin kà á sí. Èrò tiwa ni 'ti ìhà ilẹ̀' àti 'ti inú òkun'.

Èyí kò tán ìṣòro. Owó 'offshore' tí olówó fi pamọ́ kò sí nínú omi rárá. Òkè òkun ni ó wà. Atẹ́gùn 'offshore' ńkọ́? Ìhà ibi tí ó ń lọ ni Gẹ̀ẹ́sì ń wò, kì í ṣe ibi tí ó wà. 'Atẹ́gùn inú òkun' yóò ṣi apẹja lọ́nà. 'Atẹ́gùn tí ń fẹ́ láti ilẹ̀ sí òkun' gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ.