Tí Òjò Bá Ká Wa Mọ́rí Òkè Ńkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Odò-Ọwá ni mí, Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lóṣù kẹsàn-án, èmi àti ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ gbé báàgì kọ́yìn, ká fi ọjọ́ mẹ́ta rìn káàkiri àwọn òkè ilé wa, ká máa sùn síbi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí. Òjò ló ń bà wá lẹ́rù. Mo ní bó bá le jù, a ó sá sábẹ́ àpáta Imoleboja. Bọ̀dá kan sì ní ká mú ògógóró díẹ̀ dání nítorí òtútù. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, inú mi dùn pé òkè ilé ló wù yín, kì í ṣe Ìdànrè tí gbogbo èèyàn ń sáré lọ torí àtẹ̀gùn rẹ̀ tó lé ní 600. Bẹ́ẹ̀, Ìdànrè náà lòjò ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo ti fi rọ́bà bo báàgì mi látẹ̀yìn, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mi ò mọ̀ pé omi tó ń ṣàn lọ́rùn mi ń gba àárín ẹ̀yìn mi àti báàgì wọlé. Nígbà tí mo tú ẹrù lálẹ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì ń kán tótó, gaàrí ti di ẹ̀bà tútù. Òun náà ni mo jẹ.

Látìgbà náà, inú báàgì ni mo ti ń dènà omi. Ra ọ̀rá dúdú ńlá tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí, èyí tó nípọn, ki méjì bọnú ara wọn, kó ẹrù sí i, lọ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ, ká a, kó o so ó. Fi ẹ̀wù kan, ṣòkòtò kan àti ìbọ̀sẹ̀ kan sísàlẹ̀ ibẹ̀ tí o kò ní wọ̀ rìn láé. Oorun nìkan ni wọ́n wà fún. Láàárọ̀, bó ti wù kó nini lára tó, bọ́ wọn, kó o tún wọ èyí tó tutù lánàá. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á wọ gbígbẹ jáde, nígbà tó bá fi dọ̀sán, méjèèjì ti rin. Jẹ́sí bọ́ọ̀lù ni kẹ́ ẹ fi rìn. Jíǹsì ń fa omi mu, kì í sì í tètè gbẹ.

Bọ̀dá yẹn fẹ́ràn yín, àmọ́ ẹ fi ògógóró rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ ni: ara á dà bíi pé ó gbóná, ooru inú sì ń jáde lọ. Ẹni tó bá ń gbọ̀n, tí ahọ́n rẹ̀ ń lọ́, tó ń kọsẹ̀ ṣáá, ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ fi gbígbẹ wé e, ẹ fún un ní tíì gbígbóná tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má rò pé orí Kilimanjaro tó ga ní mítà 5,895 nìkan nirú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Aṣọ tútù àti atẹ́gùn ti tó.

Ti àpáta, bó bá jẹ́ òjò lásán, abẹ́ rẹ̀ dára. Àrá ni mò ń bẹ̀rù. Ìjì ìparí àsìkò òjò sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ kìlọ̀. Tí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá. Bí àrá bá sán kẹ́ ẹ tó ka 30, kò tó kìlómítà 10 sí yín. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí àpáta gbalasa, ẹ má sì dúró sẹ́nu ihò tí kò jìn, torí àrá lè fò láti òkè ihò bọ́ sílẹ̀ gba ara ẹni tó wà níbẹ̀. Bí ilé tàbí mọ́tò ò bá sí nítòsí, àárín igi kéékèèké nísàlẹ̀ sàn, kẹ́ ẹ sì takété síra yín títí 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ yẹra fún ojú àpáta tó dúdú. Lẹ́ẹ̀rùn, bí èédú ló rí. Bómi bá kàn án, ó di ọṣẹ.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ bá àwọn ọdẹ ìlú sọ̀rọ̀. Kì í ṣe torí òjò nìkan, ẹ ò ṣàjèjì sí bí ètò ààbò ṣe rí báyìí. Ibi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má gbà, ẹ má gbà á. Àwọn náà ló mọ odò tó máa ń kún nígbà tí òjò ò tíì kán sí yín lórí. Létí irú odò bẹ́ẹ̀, ẹ gún igi kan mọ́ ojú omi kẹ́ ẹ tó lọ sùn sókè. Bómi bá ti bo igi láàárọ̀, ẹ gbé gaàrí yín jáde, ẹ jókòó dè é kó fà.