Omi Tí Aládùúgbò Wa Yóò Mu

Ibi kíkà: Ìsíkíẹ́lì 34:17-22, Mátíù 22:39
Akọsórí: Ìsíkíẹ́lì 34:18

Nínú ibi tí a kà lónìí, Olúwa bá àwọn àgùntàn tí ó sanra wí. Ẹ fara balẹ̀ wo ẹ̀sùn náà, ẹ̀yin ará. Kì í ṣe pé wọ́n mu omi. Gbogbo agbo ni Ọlọ́run fi omi fún. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé, nígbà tí wọ́n mu èyí tí ó mọ́ tán, wọ́n fi ẹsẹ̀ da ìyókù rú fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn alágbára tí ń ni aláìní lára ni wòlíì náà ń bá wí, ṣùgbọ́n ní Ìkòtún wa yìí a lè mú ọ̀rọ̀ náà bí ó ti wà gan-an, nítorí omi kànga ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbára lé.

Ilẹ̀ wa ní yanrìn púpọ̀, omi a sì máa tètè rin wọ inú rẹ̀. Bí òjò ti ń rin ín náà ni ohun tí ó wà nínú ṣáláńgá àti sókàwéè ń rin ín. Àwọn onímọ̀ ìlera a máa sọ pé kí kànga jìnnà sí sókàwéè tó mítà 30. Púlọ́ọ̀tì kan ní Èkó sábà máa ń jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120, èyí tí í ṣe nǹkan bí mítà 18 sí 36. Ìdajì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rà. Arákùnrin kan lè gbẹ́ kànga síwájú ilé, kí ó gbẹ́ sókàwéè sẹ́yìn, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n kànga opó tí ó wà lẹ́yìn ògiri ńkọ́?

Àwọn mìíràn á ní àwọn ti da álọ́ọ̀mù sí i. Álọ́ọ̀mù a máa mú kí ẹrẹ̀ rọlẹ̀, omi a sì mọ́ lójú, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò onígbáméjì tàbí ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Kí omi hó dáadáa lórí iná ni ó ń pa wọ́n. Síbẹ̀, iná kò lè mú òjé kúrò nínú omi. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ààtàn Solous ní Ìgàndò, tí kò jìnnà sí wa, fi kàn wá: òjò a máa gba inú pàǹtí wọlẹ̀, àwọn olùwádìí tí wọ́n yẹ omi àwọn kànga àyíká ibẹ̀ wò sì ti rí ìdọ̀tí nínú rẹ̀.

Odò a máa kún nígbà òjò. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ilé ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú, òjò nìkan kọ́. Wọ́n ti kọ́lé sí ipadò, pàǹtí sì ti dí ọ̀nà omi. Omíyalé tún ṣọṣẹ́ ní ìlú náà ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò ní wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Kí ni kí a wá wí nípa onílé tí ó ń ran àgbàrá lọ́wọ́? Bí òjò bá ti ṣú, àwọn kan (àwọn ará ìjọ sì wà lára wọn) a gbé pàǹtí jáde, wọn a dà á sínú gọ́tà kí omi lè gbé e lọ. Sí ọ̀dọ̀ ta ni?

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti sókàwéè ilé rẹ̀ dé kànga tí ó súnmọ́ ọn jùlọ, ìbáà jẹ́ ti ẹlòmíràn. Bí ó bá súnmọ́ jù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa yín lẹ́nu mọ́. Ó ṣòro láti kan ilẹ̀kùn kí a wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ máa se omi yín kí ẹ tó mu ún, ìdọ̀tí ilé wa lè máa dé inú rẹ̀.” Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ń mu omi náà lójoojúmọ́.

Fún ìjíròrò
1. Kí ni ó mú kí ó rọrùn fún wa láti da omi rú fún ẹni tí a kò rí?
2. Onílé kan kò ní owó tí yóò fi gbẹ́ sókàwéè mìíràn, ayálégbé sì kún ilé rẹ̀. Kí ni ó yẹ kí ó ṣe fún aládùúgbò rẹ̀? Kí ni ìjọ lè ṣe fún àwọn méjèèjì?