Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè owó ìwádìí nípa ìràwọ̀ lọ́wọ́ National Science Foundation ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní NSF, kí ó fi òwe yìí sọ́kàn kó tó mú kálámù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa tó wà ní yunifásítì níbẹ̀ mọ bí ìràwọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n mọ bó ṣe ń kú, ṣùgbọ́n ojú ìwé ìṣúná ni wọ́n ń fi sílẹ̀ di òru tó kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá wọn sọ, torí ìṣúná ni a fi ń mọ̀ bóyá ẹni tó kọ àbá ti ro iṣẹ́ rẹ̀ dé òpin.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé owó náà kì í ṣe ti olùwádìí. Yunifásítì ni NSF ń fún, olùwádìí ló kàn ń darí iṣẹ́. Nítorí náà, ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó ìwádìí nílé ẹ̀kọ́ yín ni yóò fi àbá ránṣẹ́, wọ́n sì máa ń fẹ́ rí i ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú gbèdéke NSF. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ lọ kí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn nígbà tí àbá ṣì wà lórí ahọ́n, kí ẹ béèrè iye owó oṣù tí ilé ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí, iye tó ń lọ fún ìlera àti ìfẹ̀yìntì, àti ìdá tí yunifásítì ń yọ.

Ìdá tí yunifásítì ń yọ yìí gan-an ni ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ papọ̀, iye tí mo máa lò jẹ́ ti àpẹẹrẹ lásán. Olùkọ́ kan fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ kan sẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún kan, kí wọ́n jọ wo àwọn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń lọ sókè sódò. Owó oṣù akẹ́kọ̀ọ́ náà fún ọdún kan jẹ́ 38,000 dọ́là, owó ilé-ìwé rẹ̀ 20,000. Olùkọ́ gba owó oṣù kan, 11,000. Ìlera àti ìfẹ̀yìntì, 5,000. Ìrìn àjò 4,000, títẹ àbájáde jáde 3,000, kọ̀ǹpútà 3,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 84,000 dọ́là. Ká sọ pé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni yunifásítì náà ń yọ fún iná, ilé, ilé ìkàwé àti àwọn tó ń ṣọ́ ìwé owó. Kì í ṣe orí 84,000 ni wọn yóò ti yọ ọ́, torí òfin ìjọba àpapọ̀ yọ owó ilé-ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò, àti ohun èlò olówó ńlá pẹ̀lú. Ẹ yọ 20,000, ó ku 64,000. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 32,000. Ohun tí ẹ ó béèrè lọ́wọ́ NSF nìyẹn: 116,000 dọ́là.

Ẹni tó bá ṣìṣe, tó yọ ìdajì lórí gbogbo 84,000, yóò fi 10,000 lé iye tó tọ́, ọ́fíìsì yóò sì dá ìwé padà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbàgbé ìdá yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí jù. Bó bá ti sọ fún gbogbo èèyàn pé 84,000 ni òun fẹ́, tó sì wá di dandan kí ìdá yunifásítì jáde láti inú iye yẹn, nǹkan bí 62,700 péré ló máa kù fún iṣẹ́. Ohun tó lọ ju owó oṣù mẹ́fà akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Àwọn olùkọ́ kan ń pe ìdá yìí ní ìrẹ́jẹ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ń san owó iná yàrá kọ̀ǹpútà náà ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké tí kò bá ìjọba ṣàdéhùn ìdá kankan lè lo ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún láti October 2024. Ìdá 10 ni tẹ́lẹ̀.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Oṣù mẹ́sàn-án ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń san fún olùkọ́ lọ́dún, ìyẹn ló fi ń wu èèyàn láti fi owó ìwádìí dí àlàfo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. NSF gbà, ṣùgbọ́n kò ju owó oṣù méjì lọ lọ́dún kan fún olórí ìwádìí, láti orí gbogbo owó NSF tó bá ní lọ́wọ́. Bí olùkọ́ bá gba oṣù méjì fún ara rẹ̀, tó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdajì ọdún, àwọn tó ń yẹ àbá wò yóò béèrè ẹni tí yóò máa wo ìràwọ̀ lóṣù mẹ́fà yòókù. Ẹ kọ́kọ́ fi owó sí ibi tí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ wà. Bí ẹ bá sì béèrè owó fún akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ọ̀mọ̀wé tuntun, ẹ gbọ́dọ̀ fi ojú ìwé kan kún un nípa bí ẹ ó ṣe tọ́ ọ sọ́nà.

Ohun mìíràn tó ń wu àwọn ọmọ wa láti ṣe ni kí wọ́n ṣèlérí pé yunifásítì wọn yóò fi owó tirẹ̀ kún un, kí àbá lè dùn lójú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 2011 ni NSF ti fòfin de irú ìlérí àfinúfíndọ̀ yìí nínú ìṣúná. Bákan náà, bí àbá bá yege tí wọ́n sì ní kí ẹ dín owó kù, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, ẹ má ní ẹ ó ṣe gbogbo iṣẹ́ náà síbẹ̀. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí wọ́n bá gé tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, òfin fúnra rẹ̀ ní kí ẹ kọ ohun tí gígé yẹn yóò mú kúrò nínú iṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ kedere: ìràwọ̀ wo lẹ ò ní wò mọ́, ìwé wo ni kò ní jáde.

Nípa ìrìn àjò, òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Fly America, láti 1974. Owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ mìíràn bí ti Amẹ́ríkà bá wà, kódà bí ti òkèèrè bá pọ́ọ́kú, àfi níbi tí òfin náà bá yọ àyè sílẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí ìpàdé ní Cape Town gbọ́dọ̀ ti wo iye tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kó tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Owó ọtí kò wọlé rárá. Owó ìtẹ̀jáde sì ti yí padà: Monthly Notices, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìràwọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń kọ sí lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, ti ń gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé láti January 2024. Àkókò lórí awò ńlá bíi Very Large Array ní New Mexico kì í gba owó ní tirẹ̀. Ẹni tí àbá rẹ̀ bá dára ni wọ́n ń fún, ibi yòówù kó ti wá.

Ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la, áńbọ̀ǹtórí ọdún mẹ́ta tí iṣẹ́ ìwádìí lè gbà. Bí àkókò bá ń tán tí owó ṣì kù, yunifásítì lè sún òpin iṣẹ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan, tó oṣù méjìlá, láìsí owó tuntun, ṣùgbọ́n ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú òpin ni NSF gbọ́dọ̀ ti gbọ́. Pé owó ṣẹ́ kù nìkan kì í ṣe ìdí. Iṣẹ́ tó kù ni kí ẹ fi hàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ mi kẹ́yìn wà fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fa àwọn ará ilé mọ́ra. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bó bá jẹ́ NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ ti ń béèrè owó dípò NSF, owó rẹ̀ kì í jáde lọ fún ilé ẹ̀kọ́ òkèèrè láti fi ṣèwádìí, nítorí náà alábàáṣiṣẹ́ yín ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Nsukka gbọ́dọ̀ wá owó tirẹ̀. Ẹ sọ èyí fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ó má fi ìrètí òfo kọ orúkọ sílẹ̀. TETFund ń gbé owó ìwádìí kalẹ̀ fún àwọn yunifásítì ìjọba ní Nàìjíríà. Ọ́fíìsì tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé dá sílẹ̀ ní Cape Town ní 2011 sì ń ran àwọn iṣẹ́ tó ń fi ìmọ̀ ìràwọ̀ tún ìlú ṣe lọ́wọ́. Àkójọ Gaia, tó ní ìràwọ̀ tó lé ní bílíọ̀nù kan, ọ̀fẹ́ ni fún ẹnikẹ́ni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí alábàáṣiṣẹ́ Ifẹ̀ nílò nìyí: kọ̀ǹpútà tó lágbára, dátà, owó oṣù akẹ́kọ̀ọ́, àti iná. Kí ó kọ owó sólà àti bátìrì sínú ìṣúná rẹ̀ ní gbangba, kí ó sì ṣàlàyé iye wákàtí tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa ṣiṣẹ́ lóòjọ́.