ẸNI KAN ṢOṢO TÍ Ó SÁ ÀSÁLÀ

Ẹ̀kọ́ fún àwọn Ẹgbẹ́ Ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Ẹ kà: Jóòbù 1:13–19, Lúùkù 13:1–5.

Nígbà tí a bá ń ka orí kìn-ín-ní ìwé Jóòbù, ara Jóòbù ni ojú wa máa ń wà. A kì í sábà kíyèsí àwọn ìránṣẹ́ mẹ́rin tí ó mú ìròhìn wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wí pé òun nìkan ni ó yè, òun sì wá láti sọ ohun tí ojú òun rí. Nígbà tí wọ́n jíṣẹ́ tán, Ìwé Mímọ́ kò tún sọ̀rọ̀ wọn mọ́. Níbo ni wọ́n gbà lọ? Báwo ni wọ́n ti sùn ní òru ọjọ́ náà? Ǹjẹ́ wọn kò bi ara wọn léèrè pé, "Èé ṣe tí ó fi jẹ́ èmi ni mo yè?" Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní oṣù yìí, a ó sì fi ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ọmọ ẹni tí ó sá àsálà kọ.

Orúkọ ìwé náà ni Maus, èyí tí í ṣe "eku" ní èdè Jámánì. Art Spiegelman ni ó kọ ọ́, ọmọ Ju tí a bí ní ìlú Stockholm ní ọdún 1948, tí ó sì dàgbà ní New York. Apá kìn-ín-ní jáde ní ọdún 1986, apá kejì ní ọdún 1991, a sì fi ẹ̀bùn pàtàkì Pulitzer dá a lọ́lá ní ọdún 1992. Àwòrán ni ó fi sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ó ya àwọn Ju bí eku, àwọn ará Jámánì bí ológbò, àwọn ará Pólàńdì bí ẹlẹ́dẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwé àwàdà fún àwọn ọmọdé ni. Ìtàn Vladek baba rẹ̀ àti Anja ìyá rẹ̀ ni, àwọn Ju ilẹ̀ Pólàńdì tí a kó lọ sí àgọ́ Auschwitz ní ọdún 1944. Nǹkan bí 1,100,000 ènìyàn ni ìjọba Násì pa ní àgọ́ náà, Ju sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní gbogbo ilẹ̀ tí ọwọ́ wọn tẹ̀, àwọn Ju tí wọ́n pa tó mílíọ̀nù 6.

I. Ẹ̀bi ẹni tí ó yè

Kí a tó bí Art, àwọn òbí rẹ̀ ti bí ọmọkùnrin kan, Richieu. Nígbà ogun, wọ́n fi í pamọ́ sọ́dọ̀ ìbátan wọn obìnrin kan, nítorí wọ́n rò pé ibẹ̀ ni yóò gbé rí ààbò. Ní ọdún 1943, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun dé láti kó gbogbo àwọn Ju ibẹ̀ lọ, obìnrin náà fi májèlé pa ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí a má bàa kó wọn lọ sí ilé gáàsì olóró. Àwòrán Richieu ni a gbé kọ́ sí yàrá àwọn òbí náà ní New York. Art jẹ́wọ́ pé òun dàgbà bí ẹni tí ń bá àwòrán náà díje. Àwòrán kì í sunkún, kì í ṣe àìgbọràn, kò sì sí bí ọmọ alààyè ti lè borí rẹ̀.

Nígbà tí ọkàn rẹ̀ wúwo jù, Art lọ bá oníṣègùn ọkàn kan, ẹni tí òun náà ti la irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ já. Oníṣègùn náà sọ fún un pé bóyá ìtìjú pé òun yè nígbà tí àwọn ẹlòmíràn kú ni ó ń da baba rẹ̀ láàmú, tí ó sì gbé ẹrù náà lé ọmọ rẹ̀ lórí. Ó tún sọ pé kì í ṣe àwọn ènìyàn tí ó dára jù ni ó yè, kì í sì í ṣe àwọn tí ó dára jù ni ó kú.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí wé ohun tí Olúwa wa bi àwọn ènìyàn nípa àwọn 18 tí ilé-ìṣọ́ Sílóámù wó pa. Bí ikú wọn kì í bá ṣe ẹ̀rí pé wọ́n jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ, ǹjẹ́ yíyè àwọn yòókù kì í ṣe ẹ̀rí òdodo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ kan àwa fúnra wa. Nígbà tí ẹni kan bá yọ nínú jàǹbá mọ́tò, ó tọ́ kí ó dúpẹ́ nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá wí pé àdúrà òun ni ó gba òun là, tí opó ẹni tí wọ́n jọ wọ mọ́tò náà sì jókòó nínú ìjọ, kí ni a fẹ́ kí obìnrin náà rò? Ṣé ọkọ rẹ̀ kò gbàdúrà ni?

II. Ìwé tí a jó

Lẹ́yìn ogun, Anja kọ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń retí pé ọmọ òun yóò kà á. Ní ọdún 1968 ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, kò sì fi ìwé kankan sílẹ̀ láti sọ ìdí rẹ̀. Nínú ìbànújẹ́, Vladek fi iná sun gbogbo àwọn ìwé náà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbọ́, ó pe baba rẹ̀ ní apànìyàn.

A kò gbọdọ̀ yára dá arúgbó náà lẹ́bi; ohun tí ó wà nínú ìwé wọ̀nyí wúwo ju ohun tí ó lè gbé. Síbẹ̀, ohùn Anja fúnra rẹ̀ ti parẹ́ títí láé, ẹnu ẹlòmíràn ni a ti ń gbọ́ tirẹ̀. Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti sun ìtàn, tí àwọn tí ì bá pa àrọ́bá sì ti kú, kí ni ọmọ yóò bá?

III. Ẹ̀bi ẹni tí ń sọ ìtàn

Art kò fi ara rẹ̀ ṣe mímọ́. Baba rẹ̀ sọ ọ̀ràn ìgbà èwe kan fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe kọ ọ́; ó ṣèlérí, ọ̀ràn náà sì wà nínú ìwé, òun àti ìlérí tí ó yẹ̀. Ó ya ara rẹ̀ ní alẹ́ kan tí ìyá rẹ̀ wá bi í bóyá ó ṣì fẹ́ràn òun, tí ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ìyá náà kú. Ó ya baba rẹ̀ tí ń bínú nítorí pé ìyàwó Art gbé ènìyàn dúdú kan sínú mọ́tò, bí ẹni pé ẹni tí a kórìíra nítorí ẹ̀yà rẹ̀ kò lè kórìíra ẹlòmíràn. Nígbà tí apá kìn-ín-ní sì mú òkìkí wá, ó ya ara rẹ̀ ní ìdí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, òkítì òkú eku lábẹ́ rẹ̀, àwọn eṣinṣin ń fò yí i ká, àwọn oníṣòwò sì ń gun orí òkú náà láti wá bá a. Ó ń béèrè bóyá òun ń jẹ nínú ikú àwọn ènìyàn òun.

Ìdí nìyí tí a fi gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́. Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú kò bo ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò pa sísẹ́ Pétérù mọ́. Ìtàn tí ó sọ gbogbo ènìyàn di ẹni mímọ́ kò ran ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́wọ́.

Vladek kú ní ọdún 1982. Ní ojú ìwé ìkẹyìn, ó rẹ̀ ẹ́ lórí ibùsùn, ó ní òun ti sọ ìtàn tó, ó sì pe Art ní Richieu. Ọmọ tí ó kú ni ó ń bá sọ̀rọ̀, ọmọ tí ó yè ni ó sì gbọ́, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé ẹni tí ó sá àsálà kò jẹ gbèsè ẹ̀bi; ìròhìn ni gbèsè rẹ̀, ìròhìn òtítọ́, kì í sì í ṣe dandan kí ó san án ní ọjọ́ kan. Etí ni gbèsè tiwa. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa wá àgbàlagbà kan nínú ẹbí rẹ̀ tí ó la ogun tàbí ìparun já, kí ó jókòó tì í, kí ó sì gbọ́ láìdá a lẹ́bi, kí ó tó pẹ́ jù.

Àwọn ìbéèrè

1. Èé ṣe tí ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú Jóòbù 1 fi ní láti sọ pé òun nìkan ni ó yè?
2. Báwo ni a ṣe lè dúpẹ́ nínú ìjọ láìdá ọgbẹ́ sí ọkàn ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀?
3. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọmọ sọ àṣírí baba rẹ̀ nítorí òtítọ́? Ẹ fi Òfin karùn-ún àti ìkẹsàn-án gbé e yẹ̀wò.

Kí Olúwa, ẹni tí ó gbọ́ ohùn ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì láti inú ilẹ̀ wá, fi ìtùnú fún gbogbo àwọn tí ó yè, kí ó sì fún wa ní etí láti gbọ́ wọn. Àmín.