Busua: Òkun fún Ẹni tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ bá fẹ́ rí òkun láti Kumasi láìná owó púpọ̀, Busua ni mo yàn fún yín. Ẹ wọ ọkọ̀ dé Takoradi, ẹ wọ òmíràn dé Agona Nkwanta, kí ẹ sì bá àwọn ẹlòmíràn wọ takisí débẹ̀. Ẹja ni kí ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀pọ̀ apẹja etíkun Gánà kì í wọ òkun: èèwọ̀ ni.

Ìlú náà dákẹ́ rọ́rọ́, síbẹ̀ ibùjókòó ọba Ahanta ni. Àwọn ará Họ́láńdì yẹgi fún Ọba Badu Bonsu Kejì ní 1838. Wọ́n gbé orí rẹ̀ lọ, kò sì padà sí Gánà títí di 2009. Nítorí náà, mo rọ̀ yín, ẹ kí àwọn àgbà ìlú kí ẹ tó bọ́ sómi; wọn yóò sì fi ibi tí ìgbì ti léwu hàn yín.