Ẹ̀KỌ́ Ọ̀SẸ̀ YÌÍ: ÀGBÉLÉBÙÚ LÁRA ÒRÙKA

Bí òrùka fàdákà tí a fín àgbélébùú sí bá wà ní ìka yín, kí ni ẹ fi ń ṣe?

Àgbélébùú oníṣóńṣó mẹ́jọ tí ó wà lára irú òrùka bẹ́ẹ̀, àmì ẹgbẹ́ ajagun ẹlẹ́ṣin ti Jòhánù Mímọ́ ni. Ilé ìtọ́jú aláìsàn ní Jerúsálẹ́mù ni ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀; Póòpù Paschal Kejì fọwọ́ sí i ní ọdún 1113. “Olúwa wa” ni wọ́n ń pe àwọn aláìsàn. Ṣóńṣó mẹ́jọ náà dúró fún ìbùkún mẹ́jọ tí Jésù sọ lórí òkè (Mátíù 5:3–10).

Ní Òṣogbo wa níhìn-ín, Aṣírù Ọlátúndé (1918–1993), ọmọ alágbẹ̀dẹ, fi òòlù lu ìtàn Ádámù àti Éfà sára irin pẹlẹbẹ. Ẹni tí ó bá wò ó a rántí ìtàn náà. Kò sí ẹni tí í so ó mọ́rùn bí oǹdè.

Bẹ́ẹ̀ ni òrùka yìí rí. Àlùfáà lè súre sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn ìṣọ́ra. Ìránnilétí ni.

Fàdákà tí a gbé sílẹ̀ a máa dúdú. Èyí tí a ń nù a máa dán. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹni tí ó wọ òrùka náà fi ọwọ́ kan náà gbé oúnjẹ lọ fún aláìsàn kan ní àdúgbò rẹ̀.