Adìẹ Ìbílẹ̀ Wà, Ògidì Ni Kò Sí

"Ògidì adìẹ ìbílẹ̀ ni, kì í ṣe àdàmọ̀dì." Gbólóhùn yìí ti di orin lẹ́nu àwọn tó ń polówó adìẹ lórí rédíò, ó sì ti bá àwọn alárobọ̀ dé ọjà Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Adìẹ tí wọ́n fi àkùkọ òkèèrè gun àgbébọ̀ ilé bí ni wọ́n ń pè ní àdàmọ̀dì. Nínú ògidì, ìbílẹ̀ àti àdàmọ̀dì, ìbílẹ̀ nìkan ló jókòó síbi tó yẹ ẹ́.

Ẹmu ló bá ògidì mu jù. Ẹmu tí ẹlẹ́mu kò bu omi là ni ògidì. Èyí tó bu omi là ti di àbùlà. Bẹ́ẹ̀ náà ni oyin. Ògidì àti àbùlà jọ ń rìn ni, nítorí ẹni tó pe nǹkan ní ògidì ti gbà pé ìgbà kan wà tí nǹkan náà dá wà, tí ohunkóhun kò tíì lù ú. Ẹlẹ́mu mọ ìgbà náà: òwúrọ̀ tó sọ agbè kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Ó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà fò mọ́ ènìyàn: "Ògidì ọmọ Ìkìrun ni mí." Àwọn tó fẹ́ kí a máa sọ "ọmọ bíbí Ìkìrun" ti jà títí, apá wọn kò ká a. Kí a gbà pé ó ti borí. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ìfẹ́ ìlú rẹ̀ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe adìẹ ní ògidì, ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ, a sì ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ adìẹ wò báyìí.

Àyẹ̀wò DNA tí àwọn ènìyàn fi ń wá baba ọmọ kiri náà ni àwọn onímọ̀ fi wá baba adìẹ. Ní 2004, adìẹ di ẹyẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n ka gbogbo DNA rẹ̀, nǹkan bí bílíọ̀nù kan lẹ́tà. Ní 2020, àwọn mìíràn tẹ èsì jáde lórí DNA adìẹ ilé àti adìẹ igbó 863. Ibi tí èsì náà tọ́ka sí jìnnà sí Ìkìrun: ẹ̀yà kan lára adìẹ igbó pupa tó ń gbé gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, àríwá Thailand àti Myanmar. Àparò inú oko wa kọ́ ni baba adìẹ, bí wọ́n tilẹ̀ jọ jẹ́ ẹbí. Bí àwọn ènìyàn sì ṣe ń kó adìẹ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, ó ń bá àwọn adìẹ igbó tó bá pàdé lọ́nà bímọ.

Ẹ wo ẹsẹ̀ adìẹ tí wọ́n so lókùn sílẹ̀ lọ́jà. Ti òmíràn funfun, ti òmíràn dúdú, ti òmíràn pupa rúsúrúsú bí ìyeyè. Oúnjẹ ẹyẹ, irú bí àgbàdo pupa àti ewé, ni àwọ̀ ìyeyè náà ti ń wá. Nínú awọ adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ funfun, jíìnì kan wà tó ń fọ́ àwọ̀ náà túútúú. Lára ẹlẹ́sẹ̀ ìyeyè, jíìnì náà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú awọ, àwọ̀ á sì dúró síbẹ̀. Charles Darwin gbà pé adìẹ igbó pupa nìkan ni baba gbogbo adìẹ ilé. Ṣùgbọ́n ní 2008, onímọ̀ Jonathan Eriksson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ara adìẹ igbó eléérú, tí ń gbé ní Íńdíà, ni jíìnì ẹsẹ̀ ìyeyè ti wọlé. Ẹni tó bá ń nàka sí ẹsẹ̀ ìyeyè pé àmì ògidì nìyẹn, àmì àbùlà ló ń nàka sí.

Ìbílẹ̀ ńkọ́? Ó tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni nǹkan ti wà. Pé ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí i sí ló sọ. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí egungun adìẹ ní Kirikongo ní Burkina Faso àti ní Jenne-jeno ní Mali, tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Àlejò tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ti di onílé. Ẹtù ni kò ṣe àlejò rárá. Ẹyẹ Áfíríkà ni, ìwádìí DNA tó jáde ní 2021 sì sọ pé apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí ni wọ́n ti sọ ọ́ di ẹran ilé.

Àdàmọ̀dì ló ń bíni nínú jù. Oògùn àdàmọ̀dì, owó àdàmọ̀dì: ohun tí ẹnìkan ṣe kó jọ òmíràn láti fi tan ènìyàn jẹ ni. Ta ni adìẹ FUNAAB Alpha tàn jẹ? Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Adebambo ló ṣáájú àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún da adìẹ ilẹ̀ wa pọ̀ mọ́ ti òkèèrè ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń ṣa èyí tó dára nínú ọmọ wọn, títí ìjọba fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018. Àwọn ẹyẹ náà ń ṣe irú rẹ̀ fúnra wọn. Ní 1981, ẹyẹ kan ṣoṣo fò láti erékùṣù Española dé Daphne Major ní Galápagos, ó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ó bá abo ibẹ̀ bímọ, àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ sì ń fẹ́ ara wọn títí wọ́n fi di ìran ọ̀tọ̀. Onímọ̀ méjì, Peter àti Rosemary Grant, ṣọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, DNA sì jẹ́rìí sí i. Lóòótọ́, ìdàpọ̀ mìíràn kì í ní àtọmọdọ́mọ: ìbaaka kì í bímọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí adìẹ àti ẹtù bá jọ bí. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó pe ìbaaka ní àdàmọ̀dì ẹṣin.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ará Òkukù ju ẹlòmíràn lọ. Ìlú wọn ni onímọ̀ Karin Barber ti kọ́ nípa oríkì kó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1991. Nínú oríkì orílẹ̀, agbolé á máa dárúkọ ìlú òkèèrè tí baba ńlá wọn ti ṣí wá, wọn kò sì tìtorí rẹ̀ dín ní ọmọ Òkukù. Èdè tó lè sọ èyí nípa ènìyàn kò ṣaláìní ohun tó máa sọ nípa adìẹ.

Kí àwọn olóòtú ètò rédíò fi "adìẹ ìbílẹ̀" mọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá ògidì padà fún ẹlẹ́mu. Fún èyí tí wọ́n dà pọ̀, "adìẹ ẹlẹ́jẹ̀ méjì" ìbá dùn létí, ṣùgbọ́n "kọ́rọ́ọ̀sì" ni àwọn tó ń sìn ín ń pè é, ó sì jọ pé òun ni yóò borí. Kó borí. Ó sàn ju àdàmọ̀dì lọ, nítorí kò pe adìẹ aládìẹ ní ayédèrú.